Ooru Inú Káàdì Gíráfíìsì: Àtúnṣe Orí Tábìlì Ilé ní Kirikiri àti Ajégúnlẹ̀

Káàdì gíráfíìsì ni apá kan nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe ìṣirò gbogbo ohun tí ojú ń rí lórí sìkírínì, láti orí lẹ́tà tí ènìyàn ń tẹ̀ títí dé orí fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n ń gé tí wọ́n sì ń tò, àti géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, iṣẹ́ yìí wà lára ṣíìpù kan náà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yòókù, kò sì sí káàdì kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè yọ. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí àwọn agéfídíò, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn tí ó ń ṣe pátákó ìpolówó ń lò, káàdì náà dá dúró, ó ní ṣíìpù tirẹ̀, mẹ́mọ́rì tirẹ̀ àti fáànù tirẹ̀, wọ́n sì ń kì í bọ ojú ihò gbọọrọ kan lára bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ooru bá pọ̀ jù fún un, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo fáànù, lẹ́yìn náà ni fídíò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àwọn àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi yóò máa tàn lójú sìkírínì, ẹ̀rọ yóò sì kú lójijì láàárín iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò gbà pé káàdì ti jóná, bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde ti dí, èyí sì ṣeé tún ṣe nínú ilé pẹ̀lú síkúrúdíráfà kan, búrọ́ọ̀ṣì kan, sípírítì díẹ̀ àti sùúrù.

Iná mànàmáná tí káàdì bá gbà wọlé, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà nígbẹ̀yìn. Wáàtì ni wọ́n fi ń wọn iná tí ẹ̀rọ ń jẹ: káàdì Quadro K620 tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 45, GeForce GTX 1060 ń jẹ 120, nígbà tí GeForce RTX 3090 tí ó jáde ní ọdún 2020 ń jẹ 350. Láti ojú ṣíìpù kan tí ìbú rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì ni gbogbo ooru ti GTX 1060 yẹn ti ń jáde, nítorí náà bí kò bá sí ohun tí ó ń yára gbà á kúrò níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ṣíìpù yóò fi kọjá ohun tí ara rẹ̀ gbà. Ohun tí ó ń gbà á ni irin tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní heatsink, ìyẹn bàbà tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n gé sí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tò jọ pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà kọjá. Bí ènìyàn bá fi ojú lásán wo ìsàlẹ̀ heatsink àti orí ṣíìpù, yóò rò pé wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ihò kéékèèké tí ojú kò rí wà lára àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ ń sá pamọ́ sínú wọn, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi thermal paste, ìpara eléérú tàbí funfun kan tí ooru máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, dí àwọn ihò náà. Lẹ́yìn èyí ni fáànù yóò fẹ́ ooru kúrò lára páànù, tí àwọn ojú ihò ara àpótí kọ̀ǹpútà yóò sì tú u síta sínú yàrá.

Ṣíìpù òde òní ní ohun kan nínú tí ó ń ka ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọ̀pọ̀ káàdì GeForce ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára iṣẹ́ rẹ̀ kù ní nǹkan bíi 83°C kí ó má baà jóná, bí ooru bá sì tún ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀. Nítorí náà, fídíò tí ó ń fà àti ẹ̀rọ tí ó ń kú lójijì jẹ́ ẹ̀rí pé ààbò inú káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó yẹ kí ó fi ẹni tí ó ni í lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ kí ó tó pinnu láti ra òmíràn.

Ibi tí ẹ̀rọ wà ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí káàdì kan bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, iye tí ooru rẹ̀ fi ń ju ti yàrá lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Káàdì tí ó bá fi 50 ju yàrá lọ yóò wà ní 72°C nínú yàrá Yúróòpù tí ó wà ní 22°C, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀sán Èkó ń dé 33°C, tí yàrá abẹ́ páànù sì ń gbóná ju ìta lọ, káàdì kan náà yóò ti kọjá 83°C láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ lára rẹ̀. Ohun tí àwọn ará òkèèrè bá kọ nípa ìwọ̀n ooru tí ó dára, yàrá tiwọn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, ó sì yẹ kí ẹni tí ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ fi ìyàtọ̀ ojú ọjọ́ kún un kí ó tó bẹ̀rù.

Kirikiri sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibùdó àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí ń já ẹrù wà níbẹ̀, àwọn ọgbà táńkì epo tò lọ rẹrẹ, tírélà tí ó gbé kọ̀ńténà sì ń kọjá tọ̀sán-tòru láti Mile 2 títí dé ẹnu géètì èbúté. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni Àjọ tí ń bójú tó Àwọn Èbúté Nàìjíríà ti ń lo ètò ìpè ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ètò, kí tírélà má baà tò sójú títì láìní ọjọ́ tí wọ́n pè é, síbẹ̀ àwọn tírélà náà kò kúrò ní àdúgbò, èéfín dísẹ́lì kò sì kúrò lójú afẹ́fẹ́. Eruku tí ń wọ kọ̀ǹpútà níhìn-ín kì í ṣe eruku gbígbẹ bíi ti ọyẹ́ nìkan. Ó ní èéfín dúdú tí ó lọ́ràá nínú, ó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ fáànù àti àárín páànù heatsink, ó sì ń le síbẹ̀ débi pé atẹ́gùn bílówà kò lè ṣí i. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti orí ọ̀sà àti iyọ̀ inú rẹ̀ tún ń mú kí síkúrù dípẹtà. Ẹni tí ó bá ṣí kọ̀ǹpútà tí ó ti lo ọdún méjì ní ẹ̀gbẹ́ títì náà yóò rí i pé ojú páànù heatsink ti di odidi, bí ẹni pé wọ́n fi àjákù aṣọ dúdú bò ó.

Ọ̀pọ̀ káàdì tí a ń sọ yìí ti darúgbó kí ó tó dé. Àlòkù láti òkèèrè, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí tòkunbọ̀, ni ó kún ọjà Westminster ní Olódì Àpápá, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ àti Computer Village ní Ìkẹjà, Èbúté Tin Can àti èkejì rẹ̀ tí ó wà ní Àpápá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gbà wọlé. Ní ọdún 2015 àti 2016, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà tí ó wà ní Ìbàdàn fi àwọn ènìyàn sí àwọn èbúté náà láti yẹ ẹrù wò, ìròyìn wọn tí ó jáde ní ọdún 2018 sì fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, pé ìdá 77 nínú 100 ti àwọn èbúté Yúróòpù wá, àti pé ìdá bíi 70 nínú 100 kò tilẹ̀ wá nínú kọ̀ńténà tirẹ̀, inú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kì í sí. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé, ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí ó dé. Káàdì tí wọ́n fún mọ́ inú búùtù ọkọ̀ láti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó ti jókòó nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì fún ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, thermal paste rẹ̀ yóò ti gbẹ, yóò sì ti máa fọ́ bí ẹfun, bí fáànù rẹ̀ tilẹ̀ ń yí dáadáa.

Irú mìíràn tún wà tí ó yẹ kí oníbàárà fura sí. Títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan káàkiri ayé ń fi káàdì gíráfíìsì wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ethereum, ìyẹn ni pé wọ́n ń jẹ́ kí káàdì ṣe ìṣirò tọ̀sán-tòru láìsinmi kí wọ́n lè gba owó náà bí ẹ̀san. Ní ọjọ́ yẹn, Ethereum yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà, káàdì kò wúlò fún un mọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì tú jáde sínú ọjà àlòkù àgbáyé. Mẹ́mọ́rì wọn ni ó jìyà jù. Ti àwọn káàdì bíi RTX 3080 àti 3090 máa ń gbóná dé 110°C lásìkò iṣẹ́ náà, àwọn pádì rírọ̀ tí ó wà láàárín mẹ́mọ́rì àti heatsink a sì máa sun epo jáde. Èyí kò ní kí ènìyàn má rà á bí owó rẹ̀ bá bá a mu, ṣùgbọ́n kí ó ti mọ̀ pé owó ìpara àti pádì tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú síkúrúdíráfà, kí ó kọ́kọ́ wọn ooru. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi GPU-Z àti HWiNFO máa ń fi ìwọ̀n ooru ṣíìpù, ìyára fáànù àti iye wáàtì hàn lójú sìkírínì. Kí ó kọ ohun tí ó kà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan, kí ó tún kọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ti ń gbé fídíò jáde tàbí tí géèmù ti ń lọ, kí ó sì kọ bí yàrá ṣe gbóná sí. Fáànù tí kò yí nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi kì í ṣe àléébù dandan, nítorí ọ̀pọ̀ káàdì tuntun ni wọ́n ṣe kí fáànù má yí títí ooru yóò fi dé nǹkan bíi 50°C sí 60°C. Àyẹ̀wò tí ó rọrùn jù, tí ó sì ń sọ òtítọ́ jù, ni kí ènìyàn ṣí páànù ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ: bí ooru bá já wálẹ̀ gidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, káàdì fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn, inú àpótí ni afẹ́fẹ́ kò ti rìn, bí kò bá sì yí padà, ara heatsink tàbí ìpara ni ọ̀ràn wà. Ọ̀pọ̀ káàdì tún máa ń fi nọ́ńbà méjì hàn, èkíní ni ooru ṣíìpù lápapọ̀, èkejì ni ti ibi tí ó gbóná jù lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ 10 sí 15 láàárín wọn kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìpara ti gbẹ tàbí pé heatsink kò jókòó dáadáa sórí ṣíìpù.

Bí ó bá wá di dandan láti ṣí i, kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ìpara tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń jọ̀wọ́ irin ju èyí tí ó tutù lọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tí ó ṣẹ́ kù lè tán, kí atúnṣe sì fọwọ́ kan irin àpótí láti tú iná ara rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Apá kan wà tí kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣí nínú ilé, ìyẹn àpótí irin tí ó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, nítorí iná tí ó lè pa ènìyàn ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà. Síkúrù kan tàbí méjì ni ó di káàdì mú lẹ́yìn àpótí, pẹ̀lú ìkọ́ ike kékeré kan ní ìdí ojú ihò tí ó jókòó sí. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìkọ́ yìí tí ó sì fà káàdì pẹ̀lú agbára yóò fa bọ́ọ̀dù ya.

Nígbà tí wọ́n bá dojú káàdì dé lórí aṣọ mímọ́, síkúrù mẹ́rin tí ó yí ẹ̀yìn ṣíìpù ká ni ó di heatsink mú, wọ́n sì sábà máa ń ní sípíríǹgì lára. Kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n sì máa tú u ní ìkọjú-síra, díẹ̀díẹ̀ lára èyí, díẹ̀díẹ̀ lára èyí tí ó dojú kọ ọ́, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tú tán tí èkejì ṣì le, igun ṣíìpù lè sán. Heatsink kò ní gbé wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí síkúrúdíráfà yọ ọ́ láé. Kí wọ́n rọra máa yí i sọ́tùn-ún sósì títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti jọ̀wọ́, kí wọ́n sì gbé e díẹ̀ péré, nítorí wáyà fáànù kúrú, ó sì ní ẹnu tí wọ́n ní láti fi èékánná yọ kúrò lára bọ́ọ̀dù.

Ìpara tí ó gbẹ yóò wà lára ìdí heatsink àti orí ṣíìpù bí amọ̀ tí oòrùn sá. Òwú àti isopropyl alcohol tí ó tó ìdá 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí àwọn atúnfóònùṣe ń lò, ni wọ́n fi ń nù ún títí ojú ṣíìpù yóò fi dán bíi dígí. Sípírítì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn lè ṣe é fún irin heatsink, àmọ́ ó ń fi àwọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má sì lò ó fún ṣíìpù bí wọ́n bá rí èyí tí ó mọ́. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti tínà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Níbi fífọ heatsink ni ẹni tí ń gbé ní Kirikiri ti ní láti ṣe ju ohun tí àwọn ará ibòmíràn ń ṣe. Bí eruku bá gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti bílówà tó o, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n fi ìka di fáànù mú nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ, nítorí fáànù tí atẹ́gùn bá ń yí ju agbára rẹ̀ lọ lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n eruku olóràá tí èéfín tírélà bá ti kó sí yóò kàn máa gbá jọ síwájú sí i. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n yọ fáànù àti ike kúrò pátápátá lára irin náà, kí irin nìkan ṣẹ́ kù, kí wọ́n sì fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ àárín páànù náà, kí wọ́n ṣàn án nù, kí wọ́n sì sá a sóòrùn títí kò fi ní sí ẹ̀kán omi kankan láàárín rẹ̀ mọ́. Omi kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀dù káàdì rárá. Omi tí yóò jáde lákọ̀ọ́kọ́ máa ń dúdú bí omi èédú, ẹni tí ó bá sì rí i kò ní béèrè mọ́ pé kí ni ó mú ẹ̀rọ rẹ̀ gbóná.

Àwọn pádì rírọ̀ tí ó wà lórí mẹ́mọ́rì ṣeé fi sílẹ̀ bí wọn kò bá ya tí wọn kò sì gbẹ. Bí wọ́n bá ya, nínípọn wọn ni ó ṣe pàtàkì jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra òmíràn: oríṣi mìlímítà 0.5, 1, 1.5 àti 2 ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà, bí wọ́n bá sì fi èyí tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, heatsink yóò dúró lórí pádì, kò ní kan ṣíìpù, ooru yóò sì burú ju ti àná lọ. Ìpara tuntun tí ó tó hóró erèé kan ni wọn yóò fi sí àárín ṣíìpù, wọn yóò sì fi ike pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ títí yóò fi bo gbogbo ojú rẹ̀, nítorí ṣíìpù káàdì kò ní ìdérí irin bíi ti ṣíìpù àgbà inú kọ̀ǹpútà, ibi tí ìpara kò bá sì dé kò ní rí ẹni gba ooru rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń lò dípò ìpara ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́, omi inú rẹ̀ yóò sì gbẹ, yóò fi ìyàngbẹ sílẹ̀ lórí ṣíìpù. Fásílìnì ní tirẹ̀ yóò yọ́ dànù. Nígbà tí wọ́n bá ń dì í padà, ìkọjú-síra kan náà ni, díẹ̀díẹ̀, títí síkúrù yóò fi dúró fúnra rẹ̀.

Fáànù tí ń kùn tàbí tí ó ń yí bí ẹni tí ó rẹ̀ kò ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn àwọn oríṣi kan, lábẹ́ bébà alẹ̀mọ́ tí ó wà láàárín rẹ̀, ìdí ọ̀pá tí ó ń yí wà níbẹ̀, ẹ̀kán kan nínú epo ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn aránṣọ ní ládùúgbò sì tó láti dá a padà sípò fún oṣù mélòó kan. Òróró ìdáná máa ń lẹ̀, kò wúlò. Bí abẹ́ fáànù bá ti kán, tuntun ni kí wọ́n rà, kí wọ́n mú èyí tó kán dání lọ sọ́jà, kí ìbú, àyè síkúrù àti iye wáyà rẹ̀ lè bára mu.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yàrá àti àpótí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sílẹ̀ ń fa eruku ilẹ̀, èyí tí wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri ń mí ooru ara rẹ̀ sínú padà. Kí ó wà lórí tábìlì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìnnà sí ògiri tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n gé, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ń gba eruku tó pọ̀, bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣí páànù ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ pátápátá tí wọ́n sì kọjú fáànù ilé sí i, ooru ń wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ títì tírélà, eruku tí fáànù náà ń kó wọlé yóò dí heatsink láàárín oṣù díẹ̀, nítorí náà fún àyẹ̀wò ni ó dára, kì í ṣe fún ìgbé ayé.

Ohun kan wà tí ó ń mú ooru wálẹ̀ láìtú síkúrù kankan, ó sì yẹ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Iye wáàtì tí ṣíìpù ń jẹ ń tẹ̀lé ìyára iṣẹ́ rẹ̀ àti fóltéèjì tí wọ́n fún un ní ìlọ́po ara rẹ̀, ìyẹn ni pé bí fóltéèjì bá dín ní ìdá 10 nínú 100 tí ìyára kò sì yí padà, wáàtì yóò dín ní ìdá bíi 19 nínú 100. Àwọn tí ń ṣe káàdì máa ń fún gbogbo ṣíìpù ní fóltéèjì tí ó tó fún èyí tí ó burú jù nínú wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ju ohun tí ó nílò lọ. Ètò ọ̀fẹ́ MSI Afterburner ní ibi tí wọ́n ti lè fà á wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù fóltéèjì lè kàn fi òpin iná sí ìdá 80 nínú 100, iṣẹ́ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Fún àwọn tí ń gbá géèmù, kí wọ́n fi òpin 60 sí iye àwòrán tí káàdì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí sìkírínì tí kò lè fi ju 60 hàn kò ní àǹfààní kankan nínú 140 tí káàdì ń ṣe wàhálà lé lórí. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná fún yóò rí èrè rẹ̀ lára epo pẹ̀lú.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ń ṣe ìpalára mìíràn tí ojú kì í rí. Òjé tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní solder ni wọ́n fi lẹ ṣíìpù mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi lẹ ìpìlẹ̀ náà mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ẹ̀rọ bá gbóná, gbogbo wọn á fẹ̀, bí ó bá tutù wọ́n á súnkì, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ̀ bákan náà, òjé tí ó wà láàárín ni wọ́n sì ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tí iná ń kú mọ́ lórí nígbà mẹ́rin lóòjọ́ ń gba ìfàsíhìn-ín-sọ́hùn-ún yìí ju èyí tí wọ́n tàn láàárọ̀ tí wọ́n sì pa lálẹ́ lọ. Bátìrì UPS kékeré tí yóò jẹ́ kí ènìyàn pa ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń gba iṣẹ́ tí wọn kò tí ì fi pamọ́ là, bí ó bá sì gbé ẹ̀rọ kọjá àwọn ìgbà tí iná kàn ṣẹ́jú, òjé inú káàdì náà yóò sinmi díẹ̀.

Nígbà tí òjé yìí bá sán ni àṣà fífi káàdì sínú ófùn tàbí fífi atẹ́gùn gbígbóná jó o máa ń wọlé, ó sì yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó di gbajúgbajà lẹ́yìn ọ̀ràn ọdún 2008, nígbà tí iléeṣẹ́ NVIDIA kéde ní ọjọ́ 2 oṣù Keje pé àwọn yóò ya owó tí ó wà láàárín mílíọ̀nù 150 àti mílíọ̀nù 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ṣíìpù gíráfíìsì inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ohun tí wọ́n fi dì wọ́n mọ́ ìpìlẹ̀ kò lágbára tó. Àwọn ẹ̀rọ Dell, HP àti Apple wà lára èyí tí ọ̀ràn náà kàn. Àwọn ènìyàn rí i pé bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀dù náà gbóná, ó ń jí. Ṣùgbọ́n òjé tí kò ní léèdì nínú, èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà tí òfin Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2006, kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bíi 217°C, ooru tí ike àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn lára bọ́ọ̀dù kò sì lè gbà fún ìgbà pípẹ́. Káàdì tí ó bá jí lọ́nà yìí sábà máa ń tún kú láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ti kún inú ohun tí wọ́n fi ń yan oúnjẹ.

Fún ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìlànà kan náà ni, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pé páìpù bàbà kan náà ni ó sábà ń gba ooru ṣíìpù àgbà àti ti gíráfíìsì pọ̀, pé bátìrì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, àti pé eruku rẹ̀ máa ń di ògìdì kan ṣoṣo láàárín fáànù àti ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, níbi tí bílówà láti ìta kò lè dé. Orí bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí ni ibi tí ó burú jù láti gbé e sí, nítorí ìsàlẹ̀ ni ó ń gbà mí.

Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n ti pààrọ̀ ìpara rẹ̀, tí wọ́n sì ti dín iná rẹ̀ kù, tí àwọn àmì aláwọ̀ ṣì ń tàn lójú sìkírínì láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ kí ooru tó dé rárá, a jẹ́ pé mẹ́mọ́rì tàbí òjé abẹ́ ṣíìpù ni ó bàjẹ́, iṣẹ́ náà sì ti kúrò lórí tábìlì ilé. Àwọn kan wà ní Computer Village tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń yọ ṣíìpù tí ó sì ń fi òjé tuntun lẹ̀ ẹ́, kí oníbàárà béèrè iye rẹ̀ kí ó sì fi wé iye káàdì àlòkù mìíràn. Bí àtúnṣe náà kò bá yẹ ní owó rẹ̀, kí ó yọ fáànù àti heatsink pamọ́ fún ẹlòmíràn, kí bọ́ọ̀dù tí ó kù má sì lọ sórí ààtàn tàbí sọ́wọ́ àwọn tí ń sun wáyà láti mú bàbà inú rẹ̀, nítorí òjé àtijọ́ àti ike tí ń jó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí ń gbé nítòsí. Òfin àjọ NESREA ti ọdún 2011 lórí ẹ̀rọ oníná sọ ọ́ di ojúṣe àwọn tí ń ṣe àti àwọn tí ń kó irú ẹrù yìí wọlé láti gbà á padà, ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, EPRON, sì ń bá àwọn iléeṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ láti tú u palẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èkó.